Macbeth nínú Ìtàn àti lórí Ìtàgé: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Àṣamọ̀

Orúkọ Macbeth kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé ọba kan jẹ́ orúkọ náà rí ní ilẹ̀ Skọ́tlándì kò pọ̀. Nínú bébà yìí, a ṣe àgbéyẹ̀wò ọba náà, ẹni tó jọba láti ọdún 1040 títí di ọdún 1057, gẹ́gẹ́ bí àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣe fi í hàn. A fi í wé ẹ̀dá-ìtàn tí William Shakespeare gbé sórí ìtàgé, a sì tọpasẹ̀ bí ìtàn rẹ̀ ṣe ń yí padà láti ọwọ́ òpìtàn kan dé ọwọ́ òmíràn. Àbájáde wa ni pé kì í ṣe Shakespeare ló kọ́kọ́ ba orúkọ ọba náà jẹ́. Ìdílé tó ṣẹ́gun ọba náà ni àwọn òpìtàn ń kọ̀wé lábẹ́ wọn. A dá a lábàá pé kí olùkọ́ máa kọ́ni ní ìtàn àti eré papọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀kan gba ipò èkejì.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ mu. Bí a bá dárúkọ Macbeth láàrin àwọn tó ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni ọ̀dàlẹ̀ tó pa ọba lójú oorun, tó fi ẹ̀jẹ̀ gba adé, tó sì ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ títí tí wọ́n fi bẹ́ ẹ lórí. Inú eré-oníṣe Shakespeare ni wọ́n ti rí èyí. Ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹni náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1606 ni àwọn onímọ̀ gbà pé Shakespeare kọ eré yìí. Ìyẹn fi hàn pé ó ti lé ní ọdún 550 tí Macbeth ti gorí oyè kí eré náà tó jáde.

Kí ni èyí kan olùkọ́? Iṣẹ́ wa ni láti kọ́ àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ó sì wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ohun tí òṣèré sọ lórí ìtàgé, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹlẹ́rìí ló sọ ọ́. Bí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá di olùkọ́, àṣìṣe náà yóò di ẹ̀kọ́. Nítorí náà, a mú eré kan tí gbogbo ayé mọ̀, a sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Eré àjálù ni a ń pe irú eré tí Macbeth jẹ́. Nínú eré àjálù, ẹni ńlá ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Yóò ṣubú láti ibi gíga, ọwọ́ ara rẹ̀ yóò sì wà nínú ìṣubú náà. Ó yẹ kí a fi ìtumọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ó wà lára ohun tó mú kí Shakespeare yí ìtàn padà.

2.0 Macbeth nínú Ìtàn

2.1 Ìdílé àti ètò ìjọba

Mac Bethad mac Findláich ni orúkọ rẹ̀ ní èdè ìlú wọn, ìyẹn ni pé Macbeth ọmọ Findláech. Baba rẹ̀ ni olórí Moray, agbègbè ńlá kan ní àríwá Skọ́tlándì. Mormaer ni wọ́n ń pe irú olórí bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọba kékeré. Ní ọdún 1020, àwọn ọmọ arákùnrin Findláech pa á, ọ̀kan nínú wọn sì di olórí Moray lẹ́yìn náà. Gille Coemgáin tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí jóná mọ́lé pẹ̀lú àádọ́ta ènìyàn ní ọdún 1032. Àkọsílẹ̀ kò dárúkọ ẹni tó dáná sun ún. Ohun tó dájú ni pé Macbeth di olórí Moray, ó sì fẹ́ Gruoch, opó Gille Coemgáin. Ọmọ-ọmọ ọba ni Gruoch. Ó ti bí ọmọkùnrin kan, Lulach, fún ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Macbeth sì gba ọmọ náà tọ́.

Ètò bí wọ́n ṣe ń jọba nígbà náà ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Kì í ṣe pé bí baba bá kú, àkọ́bí rẹ̀ ni yóò gorí oyè dandan. Àwọn ẹ̀ka ìdílé ọba ló ń du oyè láàrin ara wọn, ọkùnrin tó ti dàgbà, tó sì lágbára láti ṣáájú ogun ni wọ́n ń wò. Èyí yé àwa tí a mọ ohun tí ilé ọlọ́mọba jẹ́. Àmọ́ nílẹ̀ tiwọn, idà ló sábà máa ń parí ìjà oyè. Malcolm Kejì tó jọba ṣáájú Duncan gorí oyè ní ọdún 1005 lẹ́yìn tí ó pa Kenneth Kẹta, ìbátan rẹ̀, lójú ogun. Nígbà tí Malcolm kú ní ọdún 1034, Duncan tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí ni ó rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ti fẹ́ sọ oyè di tirẹ̀ nìyẹn, kò sì lè dùn mọ́ àwọn ẹ̀ka yòókù nínú.

2.2 Bí Macbeth ṣe gorí oyè

Duncan kì í ṣe arúgbó nígbà tó kú. Àkọsílẹ̀ àwọn ará Áyálándì tilẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ó kó ogun lọ dó ti ìlú Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogun náà kò sì bọ́ sí i rárá; ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀ ló ṣègbé níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó kó ogun wọ Moray, ilẹ̀ Macbeth. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ọdún 1040, nítòsí Elgin.

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí dáadáa. Kò sí àlejò kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí yàrá tí ọba ń sùn sí. Ọba tó gbógun wọ ilẹ̀ ìjòyè rẹ̀ ni ìjòyè náà bá jà, tó sì pa. Marianus Scotus, mọ́ńkì ọmọ Áyálándì tó gbé ní ilẹ̀ Jámánì, tí òun àti Macbeth jọ wà láyé lásìkò kan náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé balógun Duncan ló pa á. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pípa ọba, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Macbeth gbà dé orí oyè kò yàtọ̀ sí èyí tí Malcolm Kejì gbà. Kò sí ẹni tó wá kọ eré àjálù lórí Malcolm Kejì.

2.3 Ìjọba rẹ̀ àti òpin rẹ̀

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Macbeth lò lórí oyè. Ní ọdún 1045, Crínán, baba Duncan, tí í ṣe olórí ilé àwọn mọ́ńkì ní Dunkeld, kú nínú ogun kan níbẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ìdílé Duncan kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1050, Macbeth fi ilé sílẹ̀, ó rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí Róòmù. Marianus sọ pé ó fọ́n owó fún àwọn tálákà níbẹ̀ bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń fúnrúgbìn. Ọba tí ọ̀tẹ̀ bá yí ká kò jẹ́ fi ààfin sílẹ̀ rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Macbeth lọ, ó sì padà dé bá oyè rẹ̀ nílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kan tún wà tó fi hàn pé Macbeth àti Gruoch ta àwọn mọ́ńkì Loch Leven lọ́rẹ ilẹ̀ Kirkness. Ọba àti olorì ni ìwé náà pe àwọn méjèèjì. Ewì àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àsọtẹ́lẹ̀ Berchán náà pe Macbeth ní ọba ọlọ́wọ́ ṣíṣí, ó sì ní ilẹ̀ Skọ́tlándì kún fún ọ̀pọ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, ọdún 1054, Siward, olórí Northumbria ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbógun tì í. Ogun náà gbóná, ọmọ Siward pàápàá bá a lọ. Wọ́n ṣẹ́gun Macbeth, àmọ́ kò kú. Ó lo ọdún mẹ́ta sí i lórí oyè. Malcolm, ọmọ Duncan, ló wá pa á ní Lumphanan ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdún 1057. Síbẹ̀, oyè kò bọ́ sọ́wọ́ Malcolm lójú ẹsẹ̀. Lulach, ọmọ Gruoch, ni wọ́n fi jọba, kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n fi pa òun náà ní oṣù kẹta ọdún 1058. Bí àwọn ènìyàn bá ti ka Macbeth sí ìkà tó fipá gbàjọba, ṣé ọmọ tó tọ́ ni wọn yóò tún gbé gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀?

3.0 Bí Ìtàn náà ṣe Yí Padà

Láti ìgbà tí Malcolm ti gorí oyè, ìdílé rẹ̀ ló ń jọba fún ohun tó lé ní igba ọdún. Àwọn ará Moray gbìyànjú láti gba oyè padà. Ọmọ-ọmọ Lulach kú lórí irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1130. Nígbà tí àwọn òpìtàn Skọ́tlándì wá jókòó láti kọ ìtàn ilẹ̀ wọn, ọmọ Duncan ni baba ńlá àwọn ọba tí wọ́n mọ̀. Ta ni yóò kọ ọ́ pé ẹni tí baba ńlá ọba pa jẹ́ ọba rere?

Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, John Fordun kọ ìtàn tó sọ Macbeth di afipágbàjọba. Ní nǹkan bí ọdún 1420, Andrew Wyntoun fi àwọn obìnrin mẹ́ta kún un. Ojú àlá ni Macbeth ti rí wọn nínú ìwé tirẹ̀. Síbẹ̀, Wyntoun kò gbàgbé láti sọ pé oúnjẹ pọ̀ nígbà ìjọba rẹ̀. Ní ọdún 1527, Hector Boece tẹ ìwé ìtàn kan jáde ní èdè Látìn. Inú ìwé rẹ̀ ni Banquo àti Fleance ọmọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ farahàn. Kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà ayé Macbeth kankan tó mọ ẹni tó ń jẹ́ Banquo. Ṣùgbọ́n Boece sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdílé Stewart, tó wà lórí oyè Skọ́tlándì nígbà náà, ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ òde òní rí ni pé láti Brittany, ní ilẹ̀ Faransé òde òní, ni ìdílé náà ti wá.

Raphael Holinshed kó gbogbo èyí jọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1577. Ẹ̀dà kejì ìwé náà, ti ọdún 1587, ni Shakespeare lò. Kódà nínú Holinshed, Macbeth fi ọdún mẹ́wàá ṣe ìjọba rere, ó sì ṣe òfin tó dára kí ó tó di ìkà. Duncan ní tirẹ̀ rọ̀ jù, kò lè kápá àwọn ọlọ̀tẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe orí òfo ni Shakespeare ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó kàn án, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì fi tirẹ̀ kún un.

4.0 Macbeth lórí Ìtàgé

4.1 Ohun tí Shakespeare yí padà

Nínú eré náà, Macbeth àti Banquo ń ti ojú ogun bọ̀ nígbà tí obìnrin mẹ́ta sọ fún Macbeth pé yóò jọba, tí wọ́n sì sọ fún Banquo pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jọba. Duncan, àgbàlagbà ọba tó níwà tútù, wá sùn ní ilé Macbeth ní Inverness. Ìyàwó Macbeth tì í, ó sì pa ọba lójú oorun. Lẹ́yìn èyí, ó ní kí wọ́n pa Banquo, ó sì ní kí wọ́n pa aya àti àwọn ọmọ Macduff. Òkú Banquo wá jókòó níbi àsè lójú rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ogun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, Macduff sì pa á ní Dunsinane.

Bí a bá fi èyí wé ohun tó wà ní ìpín kejì bébà yìí, àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí hàn:

(a) Duncan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò pọ̀, tó kó ogun wá, di arúgbó tó wá ṣe àlejò.

(b) Ọdún mẹ́tàdínlógún di ìgbà kúkúrú tí ẹnikẹ́ni kò rí ìsinmi nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ìjọba rere tí Holinshed kọ pàápàá pòórá.

(d) Ogun ọdún 1054 àti ikú ọdún 1057 di ọjọ́ kan ṣoṣo.

(e) Lulach kò sí níbẹ̀ mọ́. Gruoch wà, ṣùgbọ́n eré náà kò dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó Macbeth nìkan la mọ̀ ọ́n sí.

Níbo wá ni ìpànìyàn lójú oorun ti wá? Inú ìwé Holinshed kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtàn ọba mìíràn ni. Ìwé náà sọ bí ìjòyè kan tó ń jẹ́ Donwald, tí ìyàwó rẹ̀ ń tì, ṣe jẹ́ kí wọ́n pa Ọba Duff nígbà tí ó sùn sí Forres lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rúndún kẹwàá ni Duff jọba. Shakespeare mú ẹ̀ṣẹ̀ Donwald, ó fi wọ Macbeth lọ́rùn.

4.2 Àwọn obìnrin mẹ́ta: àjẹ́ ni àbí àyànmọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè gan-an. Àjẹ́ ni a sábà máa ń pe àwọn obìnrin mẹ́ta inú eré náà ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó wà lára orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú eré náà túmọ̀ sí àyànmọ́. Holinshed pàápàá sọ pé àwọn kan kà wọ́n sí òrìṣà tó ń pín àyànmọ́ fún ẹ̀dá. Bí a bá pè wọ́n ní àjẹ́ lásán, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé àwọn ni wọ́n fi nǹkan ṣe Macbeth, pé kò jẹ̀bi. Bí a bá sì pè wọ́n ní àyànmọ́ pátápátá, yóò rò pé kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Shakespeare kò jẹ́ kí a dúró sí ibì kan nínú méjèèjì. Àwọn obìnrin náà sọ pé yóò jọba. Wọn kò sọ pé kí ó pa ẹnikẹ́ni. Banquo gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ náà, kò sì fa ọ̀bẹ yọ. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni eré náà fẹ́ kí a rí.

4.3 Ìdí tí ó fi yí i padà

Ìdí méjì ni a rí. Èkíní ni ọba tó wà lórí oyè. Ní ọdún 1603, James Kẹfà ti Skọ́tlándì di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ó sì di alátìlẹyìn ẹgbẹ́ òṣèré tí Shakespeare wà nínú rẹ̀. Ìdílé Stewart ni James, ó sì gbà pé ọmọ Banquo ni òun. Ó ti kọ ìwé lórí àjẹ́ àti ẹ̀mí èṣù ní ọdún 1597. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1605, àwọn kan kó ẹ̀tù sí abẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti pa á, àṣírí wọn sì tú. Nínú ìwé Holinshed, Banquo mọ̀ sí ikú Duncan. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti fi baba ńlá ọba hàn lórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá wọn pa ọba? Nínú eré, ọwọ́ Banquo mọ́.

Ìdí kejì ni iṣẹ́ eré fúnra rẹ̀, èyí ló sì jinlẹ̀ jù. Ìjòyè tó pa ọba lójú ogun kò ní ohun púpọ̀ tí yóò máa bá ọkàn rẹ̀ jà lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ìbátan rẹ̀, ọba rẹ̀, àti àlejò rẹ̀ nínú ikú kan ṣoṣo ti da ohun mẹ́ta nù. Macbeth inú eré mọ èyí kí ó tó ṣe é. Ó ka ìdí wọ̀nyí fún ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó ṣe é. Bí ìyàwó rẹ̀ tó kọ́kọ́ le bí òkúta ṣe wá ń rìn lójú oorun, tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Shakespeare ló rí i, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi fún rí mọ̀ pé òótọ́ ni.

5.0 Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

A kò sọ pé kí a ti eré Shakespeare sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òǹkọ̀wé eré-oníṣe kì í ṣe akọ̀wé ààfin. Àwọn tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ṣóyínká sọ gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé òun sún àkókò ìṣẹ̀lẹ̀ náà sẹ́yìn sí ìgbà ogun àgbáyé. Shakespeare kò fi irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún wa, nítorí náà olùkọ́ ni yóò ṣe é. Eré Macbeth fúnra rẹ̀ ti wọ aṣọ Yorùbá nínú Ààrẹ Akogun ti Wálé Ògúnyẹmí. Bí ìtàn ṣe lè rin ìrìn-àjò láti Moray dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, ibi kọ̀ọ̀kan tó bá sì dé ni yóò ti pààrọ̀ aṣọ.

Nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ni ní eré tó dá lórí ìtàn, a dá a lábàá pé kí ó bi kíláàsì rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta:

(i) Ọdún mélòó ló wà láàrin ìṣẹ̀lẹ̀ náà àti ìgbà tí wọ́n kọ eré náà?

(ii) Ta ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n kọ ọ́, kí sì ni ẹni náà yóò fẹ́ gbọ́?

(iii) Bí a bá yọ orúkọ ọba àti ìlú kúrò, òtítọ́ wo nípa ọmọ ènìyàn ni yóò kù nínú eré náà?

Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ìtàn. Ẹ̀kẹta ni ti lítíréṣọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà sí àárín ojú ìwé rẹ̀, kí ó kọ ohun tí àkọsílẹ̀ sọ sí apá kan, kí ó sì kọ ohun tí eré sọ sí apá kejì. Ibi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí. A gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe èyí lórí Macbeth yóò lè ṣe é lórí eré yòówù, yálà ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yorùbá.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú bébà yìí, a ti rí i pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọba ìgbà ayé rẹ̀ gbà ni Macbeth inú ìtàn gbà dé orí oyè. A rí i pé ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó lò, pé ó lọ sí Róòmù ó sì bọ̀, àti pé ọmọ ìyàwó rẹ̀ ló jọba lẹ́yìn rẹ̀. A tún rí i pé lábẹ́ ìdílé tó ṣẹ́gun rẹ̀ àti ìdílé Stewart tó jọba lẹ́yìn náà ni àwọn òpìtàn ti sọ ọ́ di ìkà, kí Shakespeare tó mú un láti fi ohun tí ìfẹ́ agbára ń ṣe sí ọkàn ènìyàn hàn. Òtítọ́ ni iṣẹ́ Shakespeare, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ nípa ọba Skọ́tlándì tó kú ní Lumphanan. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni Yorùbá wí. Olùkọ́ tó bá mọ ìgbà tí ọba gbé, tó sì mọ ìgbà tí wọ́n kọ eré rẹ̀, ti gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu ẹni méjì, ó sì lè wá dá a.